Bí Imú Ṣe Mọlé Sókè Ẹnu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Kì í ṣe ìwọ, Akínbọ̀dé. Ìwọ kọ́kọ́ yọ ìka kúrò nímú ná. Kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé o gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?

Ó dáa. Nígbà tí ọwọ́ yín kò kúkú ní kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tó jẹ́ fún yín. Ilé ni. Yàrá méjì ló ní, ògiri kan sì wà láàárín. Òkè rẹ̀ le, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò, èmi ò ní bínú báyìí. Ẹ tẹ òkè, ẹ tẹ ìsàlẹ̀. Ọ̀mọ̀lé wo ló ń mọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Ta ló sì ń kọ ilẹ̀kùn ilé sí ìsàlẹ̀, tí ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́nà kò ní rí i?

Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó dúró lé Imú lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ló bá já sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà láéláé, nígbà tí ìlú Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, Imú kò nílé. Ihò kan ṣoṣo ni. Ó là sílẹ̀ gbayawu láàárín Ojú àti Ẹnu, ó kọjú sókè bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé síta. Òjò ń rọ̀ sí i. Eruku ń bọ́ sí i. Kòkòrò kan tiẹ̀ wọ ibẹ̀ nígbà kan, ó tọ́ ọmọ, ó sì kó àwọn àna rẹ̀ wá.

Inú ihò yìí ni Èémí ń gbé. Ìyá àgbà ni Èémí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i rí, ṣùgbọ́n òun ló ń mú ìlú Ara móoru. Á jáde, á tún wọlé, á wọlé, á tún jáde. Màmá ni gbogbo ìlú ń pè é. Gbogbo wọn ló sì mọ ohun kan tí wọn kì í fẹ́ sọ jáde: ìlú tí Èémí bá di ẹrù kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń gbà á.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò rọ̀ tán, Èémí pe Imú.

"Imú, ọmọ mi."

"Màmá."

"Mo ti bá ọ gbé, mo sì ti fara dà á. Òjò pa mí, n kò sọ̀rọ̀. Kòkòrò gé mi jẹ, mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀, èmi náà sì ti dàgbà. Bí ọyẹ́ bá bá mi nínú ihò tí kò lórùlé, tí kò nílẹ̀kùn yìí, n ó bá tèmi lọ."

"Ibo lẹ ó lọ, Màmá?"

"Ibi tí mo ti wá."

Imú kò lè jókòó mọ́. Ó sáré lọ bá Orí. Orí ni Baálé ìlú Ara. Òkè ló ń gbé, kì í sì í fọhùn láìkọ́kọ́ ronú. Ó gbọ́ ẹjọ́ Imú tán, ó mi ara rẹ̀ díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tìẹ nìkan," ni Baálé wí. "Bí Màmá bá lọ, gbogbo wa ló lọ. Bẹ ọ̀wẹ̀. Pe Eegun."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ènìyàn ké sí ará ìlú, kí wọ́n wá bá a ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ òun nìkan kò ká. Oúnjẹ ni ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò fi ṣe wọ́n lálejò, àjẹyó àti àjẹṣẹ́kù. Bí oúnjẹ bá ti wà, ẹ máa rí i bí iṣẹ́ ṣe ń ya. Bí kò bá sí oúnjẹ ńkọ́? Háà! Wọn yóò sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọn yóò gbọn eruku ara wọn nù, wọn yóò sì lọ. Títí láé ni, o ò ní rí ẹni bẹ̀ lọ́wẹ̀ mọ́.

Imú lọ bá Eegun. Eegun ni ọ̀mọ̀lé àgbà ní ìlú Ara. Òun ló mọ ilé Baálé, roboto, tí nǹkan kan kò lè là á wọ̀. Kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le bí ara rẹ̀ ṣe le.

"Bàbá Eegun, ẹ gbà mí. Ẹ wá bá mi mọlé kí ọyẹ́ tó dé."

"Màá wá lọ́la. Ṣùgbọ́n n kì í fi ebi ṣiṣẹ́. Iyán ni mo ń jẹ. Má gbé ẹ̀kọ wá síwájú mi o."

"Iyán lẹ ó jẹ, Bàbá. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni n ó fi tì í, ẹran ìgbẹ́ yóò sì wà nínú rẹ̀."

"Mo gbọ́. Òkè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín Ojú méjèèjì, níbi tí ògiri Baálé parí sí. N ó máa mọ ọ́n bọ̀ nísàlẹ̀."

Ó ya Imú lẹ́nu. "Bàbá, ṣé òkè ni wọ́n ti ń mọlé wá sílẹ̀ ni?"

"Ìwọ lọ̀mọ̀lé ni àbí èmi?"

Imú yára lọ wá iṣu. Ta ló fẹ́ bá Eegun jà?

Ilẹ̀ mọ́, iyán di gígún, ọbẹ̀ di sísè. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Láyé ìgbà náà, Imú kò mọ òórùn oúnjẹ rárá. Òkè ló kọjú sí, òórùn òjò nìkan ló mọ̀. Kò lè mọ̀ bí ọbẹ̀ dùn, kò sì lè mọ̀ bí ó kan. Ó wá ronú pé òun nílò ẹni tó gbọ́n nípa ọbẹ̀, tí yóò tọ́ ọ wò, tí yóò sì ṣọ́ ọ títí àwọn ọlọ́wẹ̀ yóò fi sinmi.

Ta ló pè? Ẹ gbọ́ o. Ẹnu ló pè!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà tó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣe tán, ẹ máa ń fi àkàrà rán ara yín níṣẹ́, ó sì máa ń dín kó tó délé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ń po amọ̀, Ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, Eegun ń mọ ọ́n. Eegun dá orin, àwọn yòókù ń gbè é:

*Ọ̀wẹ̀ la wá ṣe o,*
*Wẹ́rẹ́!*
*Ká mọ ọ́n kó le o,*
*Wẹ́rẹ́!*
*Iyán ń bẹ nílé o,*
*Wẹ́rẹ́!*
*A ó jẹ, a ó yó o,*
*Wẹ́rẹ́!*

Ògiri yọ láàárín Ojú méjèèjì. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó le, ó dúró ṣánṣán. Inú Imú ń dùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé omi fún wọn.

Ní ilé Ẹnu ńkọ́? Ẹnu jókòó ti ìkòkò, òun àti Ahọ́n, ọmọ rẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Ahọ́n, báwo ló ṣe rí?"

"Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, Bàbá."

Wọ́n fi iyọ̀ sí i. Ẹnu tún tọ́ ọ wò.

"Ó ti wá pọ̀ jù, Bàbá."

Wọ́n bu omi sí i. Ẹnu tún tọ́ ọ wò. Ó ní òun kò fọkàn sí èyí tí òun tọ́ kẹ́yìn, nítorí náà ó tún tọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní ọbẹ̀ kò ṣeé tọ́ wò lásán. Ó ní òkèlè ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹnu nìyẹn o, kì í ṣe tèmi. Ó bu òkèlè. Ó ní kí àwọn wo ẹran bóyá ó jinná. Ó ké sí Eyín pé kó wá bá òun wò ó. Eyín wo ọ̀kan, ó ní ó jinná, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá èkejì jinná? Wọ́n wo èkejì. Wọ́n wo gbogbo ẹran tó wà nínú ìkòkò.

Nígbà tó ṣe, ìpọnbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìdí ìkòkò, *hàrà, hàrà, hàrà*.

Etí gbọ́ ọ. Ìbejì ni Etí, ọ̀kan ń gbé apá ọ̀tún ìlú, èkejì ń gbé apá òsì. Láyé ìgbà náà, etí ènìyàn gùn, ó ṣe jọ̀bọ̀tọ̀, ó ń gbá èjìká bí etí ewúrẹ́.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan tí mo gbọ́?" ni ti ọ̀tún wí.

"Mo gbọ́. Ìdí ìkòkò ni wọ́n ń họ."

"Ìkòkò àwọn ọlọ́wẹ̀ mà ni."

"Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tó ni ìkòkò ò kúkú jìnnà."

Ni wọ́n bá dákẹ́.

Oòrùn mú. Iṣẹ́ ti dé ìdajì. Eegun fọwọ́ nù òógùn, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká jẹun, ká tún bọ́ sí i." Wọ́n ṣanwọ́, wọ́n jókòó yíká. Imú lọ gbé oúnjẹ. Ó ṣí igbá iyán. Igbá mọ́ fónífóní. Ó ṣí ìkòkò. Ó rí ìdí ìkòkò.

"Ẹnu, iyán dà?"

"Iyán wo?" Bẹ́ẹ̀ epo ń ṣàn ní ètè rẹ̀ méjèèjì.

"Iyán àwọn ọlọ́wẹ̀! Ọbẹ̀ dà?"

"Ṣebí o ní kí n tọ́ ọ wò. Mo sì tọ́ ọ wò."

"O tọ́ ọ wò tán?"

"Mo fẹ́ kó dára ni."

Ìtìjú bo Imú. Eegun ò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Imú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ dákun! Ẹ ṣàánú mi! Ẹ jẹ́ kí n lọ wá òmíràn!"

"Ibi tí mo bá a dé ni mo bá a dé."

"Màmá Èémí ló ni ilé náà, Bàbá! Ọyẹ́ ń bọ̀!"

"Ó dùn mí fún Màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ mi lọ́wẹ̀ tí kò fún mi lóúnjẹ, n kì í padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó lọ. Kò sì padà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi ìka sí òkè imú yín, ẹ máa wọ́ ọ bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ ti débi tí líle tán, tí rírọ̀ bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni Eegun wà nígbà tó bèèrè oúnjẹ.

Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ wọ inú ilé tí kò nísàlẹ̀ náà, ó gbé eruku, ó gbé òtútù, ó da gbogbo rẹ̀ lé Èémí lórí. Èémí dìde. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e karí, ó bọ́ síta.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí fún mi, n ò ní parọ́ fún yín. Èémí jáde, kò sì padà wọlé. Ìlú Ara dákẹ́ rọ́rọ́. Ọwọ́ já bọ́. Ẹsẹ̀ yẹ̀. Òkùnkùn bo Ojú ní ọ̀sán gangan. Òòyì kọ́ Baálé Orí, tí kò fi mọ òkè yàtọ̀ sílẹ̀ mọ́. Imú ń ké pé, "Màmá! Màmá! Ẹ má lọ!" Ṣùgbọ́n Màmá ń lọ.

Ẹnu wo inú ilé rẹ̀. Ó rí Ahọ́n nílẹ̀, kò mira, kò fọhùn. Ó pè é, "Ahọ́n!" Ahọ́n kò dáhùn. Ìgbà yẹn ni ojú ti Ẹnu, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà á dénú. Ó ya ara rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà.

"Màmá Èémí! Ẹ padà! Ẹ wọ ilé mi! Mo lórùlé, mo nílẹ̀kùn!"

Èémí dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ oúnjẹ àwọn ọ̀mọ̀lé mi?"

"Èmi náà ni, Màmá. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ wọlé, ẹ wá bínú sí mi nínú ilé."

Èémí wò ó títí. Ó yà, ó sì wọlé, *hààà!* Ara ìlú gbóná padà. Ojú là. Ahọ́n jí.

Ṣùgbọ́n ṣé ilé Ẹnu ṣeé gbé? Bí Ẹnu bá pa ilẹ̀kùn dé, kò sí ọ̀nà fún Màmá. Bí Ẹnu bá bu òkèlè, òkèlè yóò já lé Màmá lórí, ikọ́ yóò sì dé. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Màmá húkọ́, ó húkọ́, ó tún nawọ́ sí ẹrù rẹ̀. Gbogbo ìlú kígbe mọ́ Ẹnu. Láti ìgbà náà ló ti la ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, *àà*, kò lè jẹ, kò lè mu, kò lè sọ̀rọ̀. Ahọ́n gbẹ bí ewé àpá. Itọ́ ń kán sílẹ̀. Ebi wá ń pa olè.

Baálé Orí ní, "Ẹ yára. Ebi lè borí Ẹnu nígbàkígbà, kó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ Màmá. Ẹ jẹ́ ká parí ilé Imú."

"Kí la ó fi parí rẹ̀?" ni Imú bèèrè. "Eegun ti lọ."

Àwọn méjì kan ló rọra ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlú, wọ́n dorí kodò. Etí ni.

"Imú," ni ti ọ̀tún wí, "a gbọ́ nígbà tí wọ́n ń họ ìkòkò rẹ. A gbọ́, a sì dákẹ́."

"A ní kò kàn wá," ni ti òsì wí. "Àṣé ó kàn wá. Jọ̀ọ́, ní sùúrù fún wa. Bù lára wa."

Wọ́n gé lára gígùn wọn, wọ́n kó o fún Imú. Ohun tí wọ́n kó wá yìí, kò le bí ara Eegun, kò sì rọ̀ bí ẹran. Ó ń tẹ̀, ó sì ń nà padà. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ di etí yín mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ di ṣóńṣó imú yín mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ṣé wọn ò jọra? Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìdí tí etí yín kò fi gbá èjìká mọ́ nìyẹn.

Imú fi ara Etí mọ ìsàlẹ̀ ilé. Kò pẹ́, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú. Ohun rírọ̀ ni, òrùlé fẹ́ wó. Imú kó èyí tó ṣẹ́kù, ó fi mọ ògiri sáàárín gbùngbùn kó lè gbé òrùlé dúró. Bí yàrá kan ṣe di méjì nìyẹn.

Ojú wà lókè, ó ń sunkún ohun tó bá gbogbo wọn. Omijé rẹ̀ ń gba igun ògiri tútù náà kọjá, ó ń sẹ̀ sínú ilé. Wọ́n ní kí wọ́n dí ihò náà. Imú ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Màmá kò fẹ́ ibi gbígbẹ." Títí dòní, ẹni tó bá ń sunkún, imú rẹ̀ á máa dà. Ohun tó bá ojú ló bá imú, àwọn àgbà kò sọ ọ́ lásán. Irun náà wá, ó ní òun yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ bá òun jà. Níkẹyìn, kí Màmá má baà tún gba inú ọyẹ́ kọjá, wọ́n lu ògiri ẹ̀yìn ilé Imú já sí ẹ̀yìn ilé Ẹnu, lápá ibi tí ọ̀fun wà. Ẹ̀yin tó ń mu omi tí ẹ tún ń rẹ́rìn-ín, tí omi sì ń tú jáde nímú yín, ọ̀nà yẹn ló gbà.

Ó wá ku ilẹ̀kùn.

"Ibo ni kó kọjú sí?" ni Baálé bèèrè. "Ṣé iwájú, kí o lè máa rí òde?"

Imú wo òkè, níbi tó ń wò tẹ́lẹ̀. Ó wo iwájú. Ó wá wo Ẹnu, tó la ara rẹ̀ sílẹ̀ tí ebi ń pa.

"Ìsàlẹ̀," ni Imú wí. "Sókè orí ilẹ̀kùn Ẹnu gan-an."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n jẹ oúnjẹ níwájú mi, n kò mọ̀. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ ilé Ẹnu, n ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Adùn rẹ̀ yóò sì máa wà lọ́wọ́ mi, èmi ni n ó máa bù ú fún un. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbà nípò ọ̀wẹ̀ mi tó bàjẹ́."

Baálé yíjú sí Ẹnu. "Ṣé o gbà?"

Ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. *"Àà! Àà!"* ló ń ké, tó ń mi orí pé òun gbà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé, "Adùn wo? Ta ló ń jẹ adùn? Iyán ni èmi fẹ́ jẹ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Màmá jáde nílé mi."

Èémí gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé tuntun. Ó wo yàrá ọ̀tún, ó wo yàrá òsì. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó rí i pé ó móoru, ó sì lọ́rinrin díẹ̀.

"Ilé yìí mà wù mí," ni Màmá wí. "Èwo ni tèmi nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, Màmá."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bí òun bá ń lo ọ̀kan, òun yóò máa fi èkejì sinmi, òun yóò sì máa pààrọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Ẹ dí ihò ọ̀tún, kí ẹ mí. Ẹ dí ti òsì, kí ẹ mí. Ọ̀kan fúyẹ́ ju èkejì lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un wò, bóyá Màmá á ti pààrọ̀ yàrá.

Wọ́n gún iyán mìíràn. Ẹnu jẹun, ó yó. Imú wà lókè, ó gbóòórùn ẹ̀gúsí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ayọ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ Ẹnu pé ẹnì kan ń bojú wo oúnjẹ òun látòkè. Ó ń kùn. Ó ń dúró de ọjọ́ tí Imú yóò tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ náà dé. Ọyẹ́ mú, ọ̀fìnkìn gbé Imú dè. Yàrá méjèèjì dí pátápátá. Màmá Èémí gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń gba ilé Ẹnu jáde wọlé bíi ti àtijọ́. Ẹnu rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀, kó máa gba àárín òkèlè kan sí èkejì kọjá. Ó wo òkè. Imú ti tì gbọnyin.

"Ahọ́n," ni Ẹnu wí, "òní la ó jẹun. Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

Ó gbé iyán síwájú, iyán tó funfun, tó ń gbóná. Ó gbé ọbẹ̀ tì í. Ó ki òkèlè bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì.

Kò dùn.

Ó bu òmíràn, ó fi ẹran tì í. Bí ẹni ń jẹ òwú ni.

"Ahọ́n! Ṣé o sùn ni?"

"N kò sùn, Bàbá. Mo rí iyọ̀. Mo rí ata. Ìyókù ni n kò rí."

"Ẹ̀gúsí ńkọ́? Irú ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan kí wọ́n tó sè é?"

"N kò rí wọn, Bàbá."

Nígbà náà ni Ẹnu rántí ohun tí òun mi orí sí. Ó jókòó ti oúnjẹ náà, ó pọ̀ níwájú rẹ̀, tòun nìkan ni. Kò sì lè jẹ ẹ́. Ó ń wò ó títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó wá gbójú sókè, ó sì pe ẹni tí òun jí oúnjẹ rẹ̀ jẹ.

"Imú, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn. Wá, ká jọ jẹun."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹnu kò ti jẹun ní òun nìkan mọ́.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irọ́ ni mo pa, kó di imú rẹ̀ pọ̀, kó jẹ oúnjẹ tó bá wù ú, kó wá sọ adùn rẹ̀ fún mi.